Àdúrà Kí Philip Padà Wálé

Ẹni tó bá ti bá wa ṣe Mísà rí ní Lafiaji yóò ti rí obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó sún mọ́ ère Ántóní Mímọ́, tó máa ń fi ìborí búlúù bo orí. Màmá Philip nìyẹn. Monica ni wọ́n sọ ọ́ níbi ìrìbọmi, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi orúkọ yẹn pè é kò pọ̀ láyé mọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni èmi náà máa ń jókòó sí. Díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Èyí tó pọ̀ jù, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ó sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ẹni tó bá kà á á lè mọ irú àdúrà tó yẹ kí òun máa gbà.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ló fi jẹun. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ló mọ̀ ọ́n rán jù, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìdílé kan ní Ìsàlẹ̀ Gángan tí kò ní ẹni tó wọ ṣòkòtò tí Monica rán lọ kọ́ A, B, D. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sínú yàrá kékeré tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó fi aṣọ bò ó, ó ní òun ti ṣe tòun. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Philip lorúkọ rẹ̀, ó sì wà ní Jámánì.

Ilé ọkọ rẹ̀ ló ń gbé, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tó ní fèrèsé gígùn tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí lórí. Bàbá ńlá wọn ló kọ́ ọ nígbà tó ti oko ẹrú Bùràsílì dé. Ilé yẹn ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọmọdé ibẹ̀ pàápàá mọ̀. Wọ́n ní bàbá ńlá náà fi àbúrò rẹ̀ obìnrin sílẹ̀ sí Bàhíà lọ́hùn-ún, ó sì ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún un. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ kejì Àjíǹde, nígbà tí gbogbo ẹbí bá pé jọ, á béèrè pé, "Ẹni tó ni yàrá yìí ńkọ́?" Ìyàwó rẹ̀ á dáhùn pé, "Ó ń bọ̀." Àbúrò náà kò dé títí bàbá fi kú, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò bá a kú. Títí di òní, tí ọmọ ilé kan bá wà lẹ́yìn odi, olórí ẹbí á béèrè yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tí ìyá rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀ bá dáhùn pé, "Ó ń bọ̀," kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan yàrá náà. Tí wọ́n bá ní kò bọ̀ mọ́, yàrá di ti ẹlòmíràn nínú ẹbí, ọ̀rọ̀ sì tán.

Ìyàwó ilé kò ní yàrá níbẹ̀. Ọmọ ló ní yàrá. Èyí tí Màmá Philip ń sùn sí, ti Philip ni. Ó ń bá a ṣọ́ ọ ni.

Àdúrà rẹ̀, gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n sórí. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn ìwàásù, Tèmilọlá, ọmọbìnrin tó ń ka ẹ̀bẹ̀ ìjọ, á kà á pé: "Fún Philip ọmọ Monica, kí Olúwa dá a padà sí ilé rẹ̀ àti sí àárín àwọn ènìyàn rẹ̀." Gbogbo wa á dáhùn pé, "Olúwa, gbọ́ àdúrà wa." Ìborí búlúù yẹn, ẹ̀jẹ́ ni. Ó ti bá Màríà Wúńdíá ṣe àdéhùn pé òun kò ní fi ìborí mìíràn wọ ṣọ́ọ̀ṣì títí ẹsẹ̀ Philip yóò fi tẹ àtẹ̀gùn ilé.

Philip máa ń pè é lẹ́yìn Mísà. Ọkọ̀ èrò ló ń wà ní ìlú kékeré kan níbẹ̀. Ó fẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà kan tó ń jẹ́ Heike, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Màríà. Wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á béèrè ta ló kú, ta ló bímọ. Tí wọ́n bá fẹ́ dágbére, Màmá Philip á sọ gbólóhùn kan náà:

"Yàrá rẹ ń dúró dè ọ́ o."

"Màmá, ẹ kúkú gbé yàrá yẹn lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Oníkan. Ó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Nígbà tí o bá dé, wàá tò lórí ìlà bíi tàwọn òyìnbó kí o tó rí i."

Bí wọ́n ṣe máa ń parí ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn, lọ́dún dé ọdún.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kan níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló wọ ẹnu Philip. Níbẹ̀rẹ̀, ó ní àwọn kan máa ń kóra jọ sí gbàgede ìlú, wọ́n á gbé àsíá, wọ́n á ní àlejò ti pọ̀ jù. Ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn. Nígbà tó yá, ó ní wọ́n ti wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Yẹ̀yẹ́ náà dínkù. Nígbà tí wọ́n tún dìbò, ní ìlú tí Philip ń gbé, tiwọn ló pọ̀ jù lọ. Wọ́n lẹ ìwé ńlá mọ́ ibùdókọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń gbé èrò. Wọ́n ya bàálù sí i, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ilé yín ń dúró dè yín."

Ohun tó dun Philip jù ni ti ìyá arúgbó kan tó ń gbé lójúkojú wọn. Ìyá náà kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, òun ló sì máa ń ṣe kéèkì fún Màríà lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Òun náà so pátákó ẹgbẹ́ yẹn mọ́ ọgbà ilé rẹ̀. Heike lọ bá a, ó ní kí ló dé. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Kì í ṣe ọkọ tìrẹ là ń bá wí. Ọkọ tìrẹ ń ṣiṣẹ́."

Màmá Philip gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ Àlímọ̀t, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Àlímọ̀t pàtẹ́wọ́.

"Orí wọn yí! Ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé wọn kiri! Tó bá padà wálé, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa fi rìn?"

Bùọ̀dá Ambrose wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wá ra bọ́tìnnì sí bùbá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Màmá Philip ni, òun sì ni olórí ẹbí wọn. Ó ní, "Ẹ má bú wọn. Ilẹ̀ wọn ni. Àwa náà ńkọ́? Èkó yìí ti kún dẹ́nu. Onílé ló ń sọ ìgbà tí àlejò máa lọ."

"Onílé wo?" Àlímọ̀t bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Àgùdà tí ọkọ̀ ojú omi já sílẹ̀ ní Màrínà! Àwọn bàbá wa ló ní kí ẹ wọlé, kí ẹ jókòó. Tí wọ́n bá ní kí ẹ padà ńkọ́, Bùọ̀dá? Ta lẹ mọ̀ ní Bùràsílì?"

"Àlímọ̀t, àwa, ilé la padà sí. Ìyẹn yàtọ̀."

"Ó yàtọ̀ lẹ́nu ẹni tó ti dé ná. Ẹ gba bọ́tìnnì yín."

Ohun tó wà nínú Màmá Philip kò ṣeé sọ lójú Àlímọ̀t. Èmi ló padà sọ ọ́ fún, ojú ilẹ̀ ló sì ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

"Nígbà tí Philip ní àwọn yẹn ti borí, inú mi dùn. Mo ní, Ọlọ́run, ṣé bí o ṣe fẹ́ ṣe é nìyí?"

Inú Bíbélì ló ti kọ́ ọ. Ṣé kì í ṣe ọkàn líle Fáráò ni Ọlọ́run fi lé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jáde lọ sí ilẹ̀ wọn? Ẹni tó ti ń kan ilẹ̀kùn láti ọjọ́ tó pẹ́, tó wá gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́, kò ní í béèrè ẹni tó mú un dání.

Bí àwẹ̀ Lẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ bá Tèmilọlá, ó ní kí wọ́n má ka àdúrà Philip lóṣooṣù mọ́, kí wọ́n máa kà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ọwọ́ Ọlọ́run ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni Tèmilọlá. Ohùn rẹ̀ ń ró bí agogo, ó sì fẹ́ràn ìyá náà. Ó fi tirẹ̀ kún un. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, ó gbé ojú kúrò nínú ìwé, ó ní, "Fún Philip ọmọ Monica, kí Olúwa dá a padà sí ilé rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún un nílẹ̀ àjèjì, tí kò jẹ́ kó rántí ilé, Olúwa, tì wọ́n pa!"

Ẹ mọ bí a ṣe máa ń gbàdúrà ní Èkó. Ìjọ bú gbàmù. "Olúwa, gbọ́ àdúrà wa!" Màmá Philip gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Kámẹ́rà ni a kò rántí. Láti ìgbà Kòrónà ni ṣọ́ọ̀ṣì ti ń fi Mísà hàn lórí Fesibúùkù, a sì ti gbàgbé pé ojú kan ń wò wá láti ara òpó. Philip kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó tan fóònù, ó gbé e ka orí tábìlì, ó pe Màríà pé kó wá wo ṣọ́ọ̀ṣì màmá àgbà.

Nígbà tó pe ìyá rẹ̀, kò kí i.

"Màmá, mo wo Mísà yín."

"O wò ó? Ọlọ́run ṣeun! O rí i bí gbogbo ìjọ ṣe ń—"

"Mo rí yín. Ẹ gbé ọwọ́ sókè."

Inú rẹ̀ ṣì ń dùn. Ó ní òun ń retí kó fi ẹ̀rín sí i bó ṣe máa ń ṣe. Kò fi ẹ̀rín sí i.

"Màmá, àwọn tó wà níta ilé mi ní kí n padà sílé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tan fóònù, mo ní kí n gbọ́ ohùn àwọn tó fẹ́ràn mi. Ẹ̀yin ni mo bá níbẹ̀. Ẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run kó bá wọn ti ilẹ̀kùn."

"Ọkọ mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tiwa, ìfẹ́ ni."

"Màríà gbọ́ orúkọ mi nínú rẹ̀. Ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ẹ mọ ohun tó bi mí? Ó ní, 'Ṣé màmá àgbà náà wà nínú ẹgbẹ́ yẹn?'"

Màmá Philip gbé fóònù sí etí kejì.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mi ò tíì dá a lóhùn." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ gbọ́ yàrá tó ń dúró dè mí mọ́. Ara ògiri ni mo ti ń kà á lójoojúmọ́."

Kò pè ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e. Kò pè ní èyí tó tún tẹ̀lé e. Tí ìyá rẹ̀ bá pè é, Heike ló máa ń gbé e, á fi Yorùbá díẹ̀ tó gbọ́ sọ pé, "Màmá, ẹ má bínú, ó sùn."

Màmá Philip lọ bá Tèmilọlá kí wọ́n yọ àdúrà náà kúrò. Ẹnu ya Tèmilọlá. "Màmá, èyí tí a ti gbà ńkọ́? Ó ti dé ọ̀run. Ṣé kí n sá tẹ̀ lé e ni?" Eré ló pè é, ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n Màmá Philip gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé, kò sì rí ibi tó máa gbé e sí.

Èmi náà kò rí ibi tí mo máa gbé e sí. Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà. Inú ìgbàgbọ́ yẹn ni wọ́n bí mi sí, inú rẹ̀ náà ni mo fẹ́ kú sí. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tó wà lójúkojú Philip, òun náà ń kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ohun tó ń tọrọ àti ohun tí àwa ń tọrọ, ọ̀kan náà ni. Tí Ọlọ́run bá ṣe é, tiwa ló gbọ́ ni àbí tiwọn? Mo bi Fáda. Ó ní Ọlọ́run máa ń wo ọkàn ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Mo gbà. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn tí ọkàn rere bá tì, ẹni tó wà níta kò ní í torí ẹ̀ rí ọ̀nà wọlé.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí a fi ń rántí ikú Jésù, Màmá Philip se fèréjọ̀n bí gbogbo ilé Àgùdà ti ń ṣe, ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná, tí a fi omi àgbọn sè títí yóò fi dẹ̀. Ó bu ti Àlímọ̀t lọ fún un bó ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Àlímọ̀t fi ṣíbí kan sẹ́nu.

"Moni, fèréjọ̀n yìí jóná."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o wá gbé e wá fún mi?"

"Ìwọ nìkan ló máa jẹ ẹ́ tí kò ní í ròyìn mi."

Àlímọ̀t jẹ ẹ́. Ó ní, "Ọmọ á bínú, inú rẹ̀ á sì rọ̀. Jíbrílù mi kò bá mi sọ̀rọ̀ nínú Ràmàdáánì látòkèdélẹ̀, nítorí mo ní ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ kò níyọ̀. Àná ló wá jẹ ẹ̀bà nílé mi, àwo méjì."

"Jíbrílù ń gbé níbí. Èmi, fóònù nìkan ni mo ní. Mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé mi ò sí lẹ́yìn àwọn ènìyàn yẹn."

"Báwo lo ṣe fẹ́ ṣe é?"

"Tí Bùọ̀dá bá béèrè yàrá lọ́jọ́ kejì Àjíǹde, màá ní kò bọ̀ mọ́."

Àlímọ̀t gbé ṣíbí sílẹ̀. "O ti ya wèrè. Níbo lo máa wá sùn?"

"Abẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí ẹ̀rọ mi wà."

"Abẹ́ àtẹ̀gùn tí kò ní fèrèsé! Gbọ́ mi, Moni. Má fi ohun tí kò ṣeé mú padà tọrọ àforíjì. Dúró kí ọmọ náà kọ́kọ́ gbé fóònù."

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì Àjíǹde kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n pé jọ sí pálọ̀ ńlá, àgbà lórí àga, ọmọdé lórí ẹní. Àkọ́bí Bùọ̀dá Ambrose wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Yàrá kan ṣoṣo ni àwọn márààrún ń gbé, gbogbo ilé ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Bùọ̀dá Ambrose gbàdúrà, ó pe orúkọ àwọn tó ti kú. Lẹ́yìn náà ló béèrè bí wọ́n ṣe ń béèrè.

"Ẹni tó ni yàrá òkè lápá ọ̀tún ńkọ́?"

Àwọn ọmọdé ti la ẹnu láti bá Màmá Philip sọ èsì rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó dìde. Ó ní, "Kò bọ̀ mọ́."

Bùọ̀dá Ambrose yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìyàwó, bóyá mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Bùọ̀dá. Ó ní ilé níbi tó wà. Kò bọ̀ mọ́."

Ọkùnrin tó ní onílé ló ń sọ ìgbà tí àlejò máa lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó ní kí wọ́n kó ẹrù àwọn ọmọ náà lọ sókè. Ó ní, "Èmi ni mo gbé Philip wọ yàrá yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ."

Nígbà tí Màmá Philip tẹ́ ẹní rẹ̀ sábẹ́ àtẹ̀gùn tán, ó jókòó, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pákó. Ó mú fóònù, ó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́: "Philip, ọkọ mi, mo ti fi yàrá náà sílẹ̀. Kò sí ohunkóhun tó ń dúró dè ọ́ níbí mọ́. Ibi tí o wà yẹn ni ilé rẹ. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun mìíràn fún ọ, títí kan èmi. Sọ fún Màríà pé màmá àgbà kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn."

Kò pẹ́ tí fóònù dún. Nígbà tó rí orúkọ Philip lójú fóònù, ó ní òun rẹ́rìn-ín sókè, òun nìkan nínú òkùnkùn ibẹ̀.

"Màmá, ẹ ní ẹ ti fi kí ni sílẹ̀?"

"Yàrá náà. Ó ti bọ́ lọ́rùn rẹ."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Àwọn ọmọ ọmọ Bùọ̀dá Ambrose. Philip, ṣé o ti dárí jì mí?"

Ẹkún ni Philip fi dáhùn. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́ ẹkún rẹ̀.

"Èmi àti Heike kò fẹ́ sọ fún yín kó tó dájú. Ìbò mìíràn ń bọ̀. Tí àwọn yẹn bá gba ìjọba ìpínlẹ̀ yìí, a ò ní í dúró. Wọ́n ti sọ òkò lu fèrèsé wa. Màríà kì í rí oorun sùn. Yàrá yẹn ni mo fi ń tù ú nínú, Màmá. Mo sọ fún un pé a ní yàrá kan ní Èkó, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ wa, màmá àgbà ń bá wa ṣọ́ ọ. Ó ti yàwòrán rẹ̀. Ó ya fèrèsé méjì sí i, mo ní kó pa ọ̀kan rẹ́."

"Ìwọ lo ní o ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́!"

"Inú ló ń bí mi. Ṣé ẹni tínú ń bí kì í nílé ni?"

Màmá Philip ní, "Màá gbà á padà." Ó sọ ọ́ kí ó tó mọ ohun tó ń sọ. Ó jáde kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó lọ bá Bùọ̀dá Ambrose.

Bùọ̀dá Ambrose gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní, "Ìyàwó, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kì í yí padà. Láti ọ̀dọ̀ bàbá ńlá wa ni. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ló wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo fi òfin gbè é. Gòkè lọ. Tí o bá lè fi ẹnu ara rẹ sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé kí wọ́n jáde, mi ò ní í dá ọ dúró."

Ó gun àtẹ̀gùn náà. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà sá wá bá a, ó fa ìró rẹ̀. "Màmá àgbà, ẹ wá wo ibi tí mo to bàtà mi sí!" Ó to bàtà rẹ̀ sábẹ́ fèrèsé, bàtà iléèwé àti sálúbàtà, wọ́n kọjú sí ògiri. Ìyá àwọn ọmọ náà ń so kọ́tìnnì. Ó yíjú padà, ó rí Màmá Philip lẹ́nu ọ̀nà, ó rí ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sójú kan lórí kọ́tìnnì náà.

Màmá Philip sọ fún mi pé gbólóhùn náà ti wà lẹ́nu òun. Kò gùn. Kí wọ́n kó ẹrù wọn, kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá. Ó ní òun mọ gbólóhùn yẹn dáadáa, òun mọ ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ó ní, "O to bàtà náà dáadáa, ọmọ mi." Ó sọ̀ kalẹ̀.

Abẹ́ àtẹ̀gùn náà ló wà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, orí Màmá Philip ló ń gbà kọjá, ó sì ti ń fi ìró ẹsẹ̀ mọ àwọn ọmọ náà níkọ̀ọ̀kan. Àlímọ̀t ti wá gbé e lọ sílé rẹ̀ rí, ó tún ti padà. Ó ní bí òun bá kúrò pátápátá, kò ní í sí ẹnikẹ́ni tó jẹ́ ti Philip nínú ilé yẹn mọ́. Kò lè gòkè, kò lè jáde. Philip náà kò lè sinmi níbi tó wà, kò sì mọ ibi tó máa forí lé. Ìbò wọn kò tíì dé.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìborí búlúù ṣì wà lórí rẹ̀. Kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀, Tèmilọlá á rọra sọ sí i létí: "Màmá, kí ni kí n kà fún Philip?" Màmá Philip á ní, "Dúró ná." Tí wọ́n bá dé ibi ẹ̀bẹ̀, tí wọ́n ń ka ti aláìsàn àti ti arìnrìn-àjò, ẹnu rẹ̀ ń bá wa dáhùn pé, "Olúwa, gbọ́ àdúrà wa." Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà, mò ń gbọ́ ọ. Mi ò bi í léèrè àdúrà wo. Èmi náà ń dáhùn, mo sì ń fi sílẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run láti mọ èyí tó máa fi sí i.

Philip ti ń pè padà lẹ́yìn Mísà. Wọ́n á sọ ti ara Màríà, wọ́n á sọ ti òjò Èkó. Tí wọ́n bá wá fẹ́ dágbére, wọ́n á dé ibi tí gbólóhùn yẹn máa ń wà, àwọn méjèèjì á dákẹ́ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀ nínú wọn.